Ohun Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbìn: Ìtàn Ewé àti Èso Igbó Tó Wà Lórí Àtẹ Wa

(Fóìsì márùn-ún ni. A tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ariwo ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ fóìsì, àti fún àwọn tó fẹ́ kà á fún ọmọ nílé.)

FÓÌSÌ KÌÍNÍ

    

Wọ́n ní kí n sọ ìtàn lóṣù yìí, wọ́n sì ní kí n má wulẹ̀ sọ ti ọba àti ìjòyè nìkan, kí n sọ èyí tó kan àpò wa. Mo ní ó dáa. Ìtàn tó wà lórí àtẹ yín gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Yorùbá máa ń sọ pé ohun tí a bá gbìn la ó ká. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àtẹ àwọn ìyá wa tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní Choba, ní Rumuokoro, ní ọjà Oil Mill lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Ta ló gbin okazi tó wà níbẹ̀? Ta ló gbin uziza? Ta ló gbin ogbono, àwín, àìdan? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹnikẹ́ni ò gbìn ín. Inú igbó ló ti wá. Ẹnì kan ló wọlé lọ, tó mọ èyí tó yẹ ní jíjá àti èyí tó yẹ ní fífi sílẹ̀, tó sì gbé e jáde. Ìmọ̀ yẹn ni ọjà gan-an. Ewé náà wulẹ̀ ń tẹ̀ lé ìmọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ. Nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Aluu láti Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun tàbí Kwara, ó máa ń rò pé àjèjì ni gbogbo ohun tí àwọn onílẹ̀ ń kó sínú ìkòkò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Uziza tí ẹ ń wò yẹn, ìyere wa ni. Uda, ẹ̀ẹ̀rù ni. Ehuru, aríwò ni, àwọn mìíràn ń pè é ní abo lákòṣe. Utazi tó korò lẹ́nu yẹn, àrọ̀kẹ́kẹ́ ni. Uyayak tó ní igun mẹ́rin, tó ń ta sánsán nínú ọbẹ̀ ata, àìdan ni. Ogbono, àpọ̀n ni. Udara, àgbálùmọ̀ ni. Icheku dúdú tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pa èèpo rẹ̀ lá, àwín ni. Waterleaf, gbúre ni. Ewé uma, ewé eéran tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ni.

Kí ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀? Igbó kan náà ni. Igbó kìjikìji tó bẹ̀rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú, tó gba Oǹdó àti Bìní kọjá, tó sọdá odò Ọya, tó dé ilẹ̀ Ikwerre níbí, tó sì lọ títí dé Cross River àti Kamẹrúùnù, igbó kan ni. Ó mọ òjò, ó mọ ọ̀gbẹlẹ̀. Kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Àwa èèyàn ló yàtọ̀ síra nínú ohun tí a rí nínú rẹ̀. Bí ìyere, ní ilé wa èso rẹ̀ la mọ̀ jù. Àwọn ará ibí mọ èso, wọ́n tún mọ ewé rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ń rẹ́ ewé náà sí ọbẹ̀. Igi kan, ìmọ̀ méjì. Ẹni tó bá ní méjèèjì ló ní ọjà méjì.

FÓÌSÌ KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká mú ìyere yìí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí bí ohun tí à ń pè ní ewé igbó ṣe rìn jìnnà tó.

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ní bíi 1486, ọkùnrin Pọtugí kan tó ń jẹ́ João Afonso de Aveiro dé Bìní. Nígbà tó ń padà lọ, ó kó ata kan dání. Ata yẹn kì í ṣe rodo o, kì í ṣe ṣọ̀ǹbọ̀, kì í ṣe tàtàṣé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn yẹn ti wá, Columbus pàápàá ò tíì dé ọ̀hún títí di 1492. Ìyere ni ata tó kó lọ. Nítorí pé wóró rẹ̀ ní ìrù tín-ín-rín kan lẹ́yìn, àwọn Pọtugí sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí ata tó ní ìrù.

Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé nígbà ayé àwọn baba ńlá wa àtijọ́, kò sí ata rodo nínú ọbẹ̀ kankan nílẹ̀ Yorùbá. Kí ni wọ́n wá fi ń mú ọbẹ̀ ta? Ìyere ni. Atare ni. Ẹ̀ẹ̀rù ni. Inú igbó ni ata wọn ti ń wá. Atare yẹn náà lókìkí débi pé àwọn òyìnbó fi orúkọ rẹ̀ pe etíkun tó di Làìbéríà lónìí. Ọbẹ̀ tí a mọ̀ sí ọbẹ̀ ìbílẹ̀ lónìí, tó pupa fòò pẹ̀lú tòmátì àti rodo, àlejò ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ohun tí àwọn ọmọ wa ń wò bí ewé igbó lásán ni onílé.

Ó dáa. Àwọn Pọtugí gbé ìyere lọ ta ní Flanders, níbi tí Bẹ́ljíọ̀mù wà lónìí, wọ́n sì rí i pé ó lọ́jà. Wọ́n wá kọ́ ilé ìṣòwò sí Ughoton, èbúté Bìní, kí wọ́n lè máa rí i rà. Àmọ́ ní 1498, Vasco da Gama gba ojú òkun dé Íńdíà. Ata Íńdíà di tiwọn. Nígbà tó yá, ọba Pọtugí fòfin de ata Bìní kó má bàa ba ọjà ata Íńdíà jẹ́. Àwọn oníṣòwò Ughoton kógbá sílé.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ fà yọ. Ìyere ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò jẹrà, adùn rẹ̀ ò sì dín. Ẹni tó ń rà á ló rí ibòmíràn, ló bá ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ pé òyìnbó nìkan ló ń jẹ ìyere, ibẹ̀ ni ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n ìyere ṣì wà lórí àtẹ lónìí, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 500. Ta ló gbé e dé bí? Àwọn obìnrin ni. Àwọn tó ń já a, tó ń sá a, tó ń tà á, tó ń sè é fún abiyamọ. Ilé ìdáná wa ló pa á mọ́. Ọjà tí ilé ìdáná tiwa bá dì mú, àṣẹ ọba òkèèrè ò lè pa á.

FÓÌSÌ KẸTA

Ẹ kú ìsinmi. A ń bá a lọ.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta ogbono, ẹ̀yin ni mo kàn báyìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà kankan tó ti ń ta ogbono láti ìgbà pípẹ́, á sọ fún yín pé igi rẹ̀ ò jọ ọ̀kan náà. Ọ̀kan wà tí ẹran ara èso rẹ̀ dùn bíi máńgòrò, tí àwọn ọmọdé ń jẹ. Ọ̀kan wà tí ẹran ara rẹ̀ korò, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́, nítorí wóró inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ń ṣa á. Àwọn Igbo ń pe èyí tó dùn ní ugiri, wọ́n sì fi orúkọ ogbono fún èyí tó korò. Àwọn tó ń se ọbẹ̀ mọ̀ pé ti èyí tó korò ló ń yọ̀ jù. Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé, kò sí ilé ìwé tó kọ́ wọn.

Àwọn ìwé onímọ̀ ńkọ́? Fún ìgbà pípẹ́, igi kan ṣoṣo ni wọ́n pè wọ́n. Ọ̀mọ̀wé J. C. Okafor, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ lórí igbó ní ìhà ìlà-oòrùn, ló kọ ọ́ ní 1975 pé oríṣi méjì ló wà nínú igi yìí, ó sì pín wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó di 1996, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ D. J. Harris ṣàtúnyẹ̀wò gbogbo ìdílé igi náà, ó sì gbà pé igi méjì pátápátá ni wọ́n. Ẹ rí i bí? Ohun tí ìyá tó ń ta èlò ọbẹ̀ fi ahọ́n rẹ̀ mọ̀, ìwé lọ yí po kó tó bá a níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún Okafor gidi gan-an, torí kò fojú kéré ohun tí àwọn ará ọjà ń sọ. Ó tún ṣiṣẹ́ lórí bí èèyàn ṣe lè mú ojú igi tó ń so dáadáa, kó so ó mọ́ igi kékeré, kí igi náà lè tètè so dípò kí èèyàn dúró fún ọdún gbọọrọ.

Èkejì ni ewé eéran. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó dúró lórí igi gbọọrọ nínú igbó tútù, òun ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, iyán, ìrẹsì ọ̀fàdà. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ló mọ èso rẹ̀? Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀, ló máa ń so sí, èso pupa kan báyìí. Bí ẹ bá là á, ẹ ó rí wóró dúdú, ohun kan tó dà bí ọ̀rá tó ń yọ̀ sì bo orí rẹ̀. Èèyàn á fi ahọ́n kan nǹkan yẹn báyìí, adùn rẹ̀ á sì wà lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn já ewé nínú igbó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Daniell, tó ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kọ̀wé nípa èso náà ní 1855. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sọ ewé wa ní èdè àwọn onímọ̀ títí di òní yìí: Thaumatococcus daniellii. Ní 1972, àwọn onímọ̀ méjì ní Nẹ́dálándì yọ ohun tó ń dùn nínú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní thaumatin. Ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000. Ilé iṣẹ́ Tate & Lyle ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, wọ́n ń kó èso rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Gánà pàápàá. Nígbà tó di 1982, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Unilever ti mọ bí wọ́n ṣe lè mú kí kòkòrò àìfojúrí pèsè rẹ̀ láìsí èso rárá.

Mi ò sọ èyí kí inú lè bí wa. Ẹni tó ṣiṣẹ́ gba owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú oníṣòwò wò ó. Àwọn ìyá wa ń já ewé, wọ́n ń gba owó ewé, èso ń jẹrà sílẹ̀ nínú igbó. Ẹlòmíràn wá béèrè pé kí ni àwọn ọmọdé wọ̀nyẹn ń lá? Ẹni tó béèrè ìbéèrè yẹn ló gba owó èso. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ wa, àmọ́ a ò kọ ọ́ sílẹ̀, a ò sì bi ara wa pé kí la tún lè fi ṣe.

FÓÌSÌ KẸRIN

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn bá mi lọ níbí, torí ibi tó lágbára nínú ọ̀rọ̀ náà la dé.

Àwọn kan máa ń sọ pé oúnjẹ tálákà ni ewé inú igbó. Kí ẹni náà ka ìtàn. Nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 títí tí Ìjàyè fi fọ́ ní oṣù kẹta 1862, ebi ló ṣẹ́gun kí ọ̀tá tó wọlé. Ibi tí ogun bá ti dí ọ̀nà oko, ohun tó hù fúnra rẹ̀ nìkan ló kù. Níbí náà, láàárín 1967 sí 1970, ogun abẹ́lé dé. Ọjà ò dé mọ́, ọ̀nà dí. Bàbá àti ìyá tó wà láyé nígbà náà ní agbègbè yìí mọ ewé tí wọ́n já àti ohun tí wọ́n wú nílẹ̀. Mi ò ní máa fi ọ̀rọ̀ ogun yẹn ṣeré, torí àwọn tí a jọ ń gbé àdúgbò pàdánù èèyàn nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a mọ̀ ni pé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ igbó ló ń gba ilé là fún ọ̀sẹ̀ kan, fún oṣù kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òdodo ọ̀rọ̀ tán. Ewé nìkan ò tó. Àìsàn tó wú àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀ àti ní ikùn nígbà ogun, tí wọ́n ń pè ní kwashiorkor, àwọn ará Gánà ló ni orúkọ yẹn. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ló gbé e wọ ìwé ìṣègùn láàárín 1930 sí 1940. Ọmọ tí kò rí ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran jẹ ló ń bá jà. Gbogbo ẹ̀fọ́ ayé ò lè dí àlàfo yẹn. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wá pé tí a bá ti mọ ewé, a ti bọ́ lọ́wọ́ ebi. Ewé ń ràn wá lọ́wọ́ ni, kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Ìmọ̀ igbó sì kọjá mímọ ohun tó ṣeé jẹ. Ó tún ní mímọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di jíjẹ. Ẹ wo èsúrú. Èyí tí wọ́n gbìn nílé, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èsúrú tó hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, májèlé wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tí ebi sún dé ìdí rẹ̀ máa ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á máa pààrọ̀ omi rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á sè é dáadáa. Ẹni tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, tó ní òun ti mọ̀ pé wọ́n ń jẹ èsúrú igbó, ìdajì yẹn lè pa á. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dán an wò.

Olú náà ńkọ́? Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ B. A. Oso kọ̀wé ní 1975 nípa olú àti àwa Yorùbá, ó fi hàn pé àwọn èèyàn wa ní orúkọ fún oríṣiríṣi, wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń jẹ àti èyí tí wọ́n ń sá fún. Olú tó ń hù lẹ́bàá ọ̀gán, tí àwọn ikán ló ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, adùn rẹ̀ ò lẹ́gbẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbìn ín tà. Ikán ló ni oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: olú tó ń pani wà tó jọ èyí tí à ń jẹ. Kò sí ọgbọ́n kan tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìkòkò. Àwọn tó ń sọ pé bí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́ ó dára, tàbí bí àlùbọ́sà ò bá yí àwọ̀ ó dára, irọ́ ni. Àfi ẹni tó mọ olú yẹn ní orúkọ, tó mọ ibi tó ti hù, tó sì ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi sílẹ̀. Ebi ọjọ́ kan kì í pa èèyàn.

FÓÌSÌ KARÙN-ÚN

Èyí ló kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká wá sí Aluu tí à ń gbé.

Ẹ wo okazi. Àwọn Efik àti Ibibio ń pè é ní afang, àwọn ará Kamẹrúùnù ń pè é ní eru. Ìtàkùn ni, òjìji igi ńlá ló fẹ́ràn. Nígbà kan, igbó ìhà gúúsù níbí ń pèsè èyí tó pọ̀. Lónìí, púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà jẹ́ ti Kamẹrúùnù. Ní Idenau, lẹ́bàá Limbe, ni wọ́n ti ń di í sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń gba ojú òkun wá sí Oron, ọkọ̀ á wá gbé e kiri Uyo, Aba, Port Harcourt. Bí ìjì bá jà lójú omi, bí ọlọ́pàá tàbí kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá ọkọ̀ dúró, ẹ ó rí i lára owó tí ẹ fi rà á. Kí ló dé tí a fi ń ra ewé igbó láti orílẹ̀-èdè mìíràn? Àwọn tó ń já a nígbà náà ń fa ìtàkùn rẹ̀ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n sì ń gé igi tó gùn lé lulẹ̀. Okazi tún ní akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀kan bá tán níbì kan, èkejì ò lè so èso. Ọjà dára, igbó sì tán. Ẹ rí i pé ọjà tó dára gan-an lè pa ọjà.

Aluu ńkọ́? Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ ní 1975, ilẹ̀ tó bọ́ sí jẹ́ oko àti igbó àwọn ará Choba, Alakahia àti Aluu. Láti ìgbà náà ni ilé ń wọ inú igbó lọ. Hósítẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀bù, ilé epo. Àwa náà ń jẹ nínú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kọsitọ́mà wa. Mi ò ní kí wọ́n má kọ́lé. Ṣùgbọ́n bí plọ́ọ̀tì kan bá ti di ilé, ìyá àgbà tó ń já uziza níbẹ̀ ò ní ibi tó máa mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ mọ́. Ewé lọ, ẹ̀kọ́ náà lọ. Láàárín ìran kan ṣoṣo, ohun tó ti wà fún ọdún 500 lè parí, kò sì ní sí ẹni tó máa sunkún rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó lọ.

Kí la lè ṣe? Ohun márùn-ún ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó já. Igbó tí kò ní ògiri kì í ṣe igbó tí kò ní olówó. Ilẹ̀ ìdílé ni, kódà bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó sinmi. Àlejò ni wá. Ẹ kí ìyá onílẹ̀, ẹ tọrọ, ẹ mú nǹkan dání. Ẹni tí ẹ bá tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ló máa kọ́ yín ní ewé mìíràn lọ́la.

Èkejì, ẹ má já gbúre tàbí ebòlò lẹ́bàá gọ́tà, lórí ààtàn, tàbí níbi tí epo mọ́tò àti ti jẹnẹrétọ̀ ń dà sí. Ẹ sì mọ̀ nípa èéfín dúdú tó ń bà lé wa lórí ní Port Harcourt láti ìparí 2016. Ẹ fọ ewé, ẹ tún un fọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ń já okazi, ewé ni kí ẹ já, tàbí kí ẹ gé ẹ̀ka. Ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó tún rú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbìn ín. Ní 1996, àwọn onímọ̀ kan kọ bí ẹ̀ka okazi tó ní ewé lára ṣe lè ta gbòǹgbò bí a bá rì í sí ibi tútù tó lójìji, ọgbà ewéko tó wà ní Limbe náà sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí gbígbìn ín. Àrọ̀kẹ́kẹ́ á fi ayọ̀ gun ọgbà ẹ̀yìnkùlé yín. Ìyere á gun igi máńgòrò yín láìbínú. Ewé eéran, bí ẹ bá wú u pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, á gba ibi tútù lábẹ́ igi. Ẹni tó ní plọ́ọ̀tì tí kò tíì kọ́lé, ó ti ní oko. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbìn tẹ́lẹ̀, ó ti tó àkókò kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín.

Ìkarùn-ún, kí a kọ orúkọ. Ní 1937, wọ́n tẹ ìwé ńlá kan tí Dalziel kọ nípa àwọn ewéko tó wúlò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, orúkọ Yorùbá sì kún inú rẹ̀. Ibo ni wọ́n ti rí orúkọ yẹn? Ẹnu àwọn èèyàn bí ìyá yín ni. Ní 1995, Pierre Verger tẹ ìwé tirẹ̀ tó ń jẹ́ Ewé. Òun náà, ọ̀dọ̀ àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa ló ti gbọ́. Bí òyìnbó bá lè kọ ọ́, ṣé àwa tí fóònù wà lọ́wọ́ wa ò lè ṣe é? Ẹ ya fọ́tò ewé kan lọ́sẹ̀ kan. Ẹ fi sórí gúrúùpù yìí pẹ̀lú fóìsì: orúkọ rẹ̀ ní ìlú yín, torí ti Èkìtì lè yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́, orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ará Aluu, apá ibo ni wọ́n ń jẹ, báwo ni wọ́n ṣe ń sè é, kí ló jọ ọ́ tí kò yẹ kí a jẹ. Kí ẹni tí kò bá dá a lójú má sọ̀rọ̀, kó béèrè. Ẹ bi ìyá Ikwerre tí àtẹ yín jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ ó rí bí ojú rẹ̀ á ṣe yọ̀ nígbà tó bá gbọ́ pé ẹ mọ uziza ní orúkọ míràn.

Ohun tó kù díẹ̀ nìyí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lo ogún ọdún níbí, àwọn ọmọ wa gbọ́ èdè ibí ju bí wọ́n ṣe gbọ́ tiwa lọ. Àwọn ọmọ yẹn ló lè ní ìmọ̀ igbó méjèèjì tí mo sọ, ti ilé àti ti ibí. Kò sí ọmọ ìyá wọn ní Ọ̀ṣogbo tó lè ní in, kò sí ọmọ Aluu tó lè ní in bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n wọn ò lè ní in tí a bá ń lé wọn kúrò nídìí ìkòkò pé kí wọ́n lọ kàwé. Kí wọ́n kàwé. Kí wọ́n tún mọ ìyere.

 Ẹni tó bá ní àfikún, kó fi fóìsì rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kó má gùn ju tèmi lọ o.